Ọ̀gá Adédèjì Tó Fún Òṣùwọ̀n Ní Kúérì

Ẹ̀yin tí ẹ ti jẹun kí ẹ tó jókòó, ẹ kú orí ire. Ẹ̀yin tí ẹ ò tíì jẹun, ẹ wá nǹkan fi panu ná, nítorí ìtàn ọkùnrin kan tó febi pa odidi ilé-iṣẹ́ nítorí ikùn ara rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ, mi ò sì fẹ́ kí ebi pa yín mọ́ wọn.

Lọ́dún 1982, ní Sabon Gari, Kánò, ilé-iṣẹ́ ìjọba kan wà lẹ́yìn Ibo Road tó ń kó ẹrù lọ sí Ìbàdàn àti Èkó. Ẹ má bi mí lórúkọ rẹ̀. Mo láya, mo bímọ, mi ò wá ẹjọ́. Àlùbọ́sà, ẹ̀wà, ẹ̀pà àti awọ màlúù ni wọ́n ń dì sínú lọ́rì níbẹ̀. Olórí ibẹ̀ ni Ọ̀gbẹ́ni Bartholomew Adédèjì. Tí ẹ bá pè é ní Ọ̀gbẹ́ni Adédèjì lásán, ó lè má dáhùn. Ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pe Supirintẹ́ńdẹ́ǹtì, kí ẹ wá pe orúkọ, kí ẹ sì fi J.P. dé e lórí bí ìdérí ìkòkò. Ìgbà tí wọ́n fi í joyè J.P. náà, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n.

Ọkùnrin náà ga, ó sì sanra, ìyẹn ò burú. Ẹni tí Ọlọ́run fún lára, kó máa lo ara rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ ló burú. Tó bá la ẹnu náà nípàdé àárọ̀ ọjọ́ Ajé, oòrùn á ti gun orí òrùlé kó tó pa á dé. Àwọn òṣìṣẹ́ á tò bí ọmọ iléèwé, wọ́n á kówọ́ sẹ́yìn. Igbákejì rẹ̀, Matthew, ẹni tí orúnkún rẹ̀ kì í pẹ́ kúrò nílẹ̀ kó tó tún kúnlẹ̀, ni yóò pariwo pé, "Ranka ya daɗe!" bí wọ́n ṣe ń kí àwọn ọba Hausa. Adédèjì á wá juwọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni tí ẹṣin ń dúró dè níta. Ẹṣin wo? Ọkọ̀ Volkswagen àtijọ́ kan tí wọ́n gbọ́dọ̀ tì kó tó ṣiṣẹ́ ló wà níta.

Tàdáwà aláwọ̀ ewé ló fi ń fọwọ́ síwèé, òun nìkan ló sì gbọ́dọ̀ lò ó. Akọ̀wé kan fi bírò aláwọ̀ ewé kọ orúkọ sára kọ́ọ̀bù tíì rẹ̀ lọ́jọ́ kan, kúérì ló gbà. Kúérì ni ìwé tí ọ̀gá ń kọ sí òṣìṣẹ́ pé kó wá ṣàlàyé ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ láàárín wákàtí mẹ́rìnlélógún. Níbẹ̀, ẹni tó bá gba mẹ́ta, iṣẹ́ ti bọ́ nìyẹn, ìfẹ̀yìntì náà sì ti wọgbó.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ ìfẹ̀yìntì ká lára jù ni Ìbíkúnlé, akọ̀wé òṣùwọ̀n. Railway Quarters ni wọ́n ti bí i, rélùwéè ni bàbá rẹ̀ ṣe kú. Òun ti lo ọgbọ̀n ọdún ó dín díẹ̀ nídìí òṣùwọ̀n ńlá tí wọ́n fi ń wọn ẹrù lẹ́nu ọ̀nà. Ó ku oṣù mẹ́jọ kó lọ sílé. Ilé oníyàrá méjì tó ń kọ́ sí Ọ̀tàn, ìlú bàbá rẹ̀, ti ga dé ibi òrùlé, pánù ló kù, pánù náà sì wà nínú owó ìfẹ̀yìntì. Kò sí alẹ́ kan tí kò ní bá ìyàwó rẹ̀ sọ̀rọ̀ pánù yẹn.

Àṣà kan wà nídìí òṣùwọ̀n tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀. Irin dúdú kan wà níbẹ̀ tó wọn kílò àádọ́ta géérégé. Láràárọ̀, kí ẹrù kankan tó gun òṣùwọ̀n, irin yẹn ni akọ̀wé yóò kọ́kọ́ gbé lé e, yóò sì kọ ohun tí òṣùwọ̀n bá kà sínú ìwé. Lọ́jọ́ Ẹtì, ọ̀gá á fọwọ́ sí i. Bàbá Ernest, ẹni tó kọ́ Ìbíkúnlé níṣẹ́, tó ti dolóògbé, ló máa ń sọ pé, "Irin kì í sanra, irin kì í rù. Tó o bá fẹ́ mọ̀ bóyá òṣùwọ̀n ń purọ́, irin ni kó o bi." Ìbíkúnlé kò fo ọjọ́ kan rí.

Ó wá ṣe, wọ́n rán Adédèjì lọ sí Lọ́ńdọ̀nù fún ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹ̀kọ́ nípa lọ́rì ni. Ó dé láìmọ nǹkan kan nípa lọ́rì ju bó ṣe mọ̀ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ó ka ìwé ìròyìn kan nínú bàálù, èyí tó sọ pé ẹni tó bá fi oúnjẹ onísítáàṣì sílẹ̀, tó sì dín oúnjẹ kù, yóò rù. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni lẹ́tà dé láti Èkó pé wọ́n fẹ́ ṣe kàlẹ́ńdà ọdún tuntun, wọ́n á sì fi àwòrán ọ̀gá kan tó dùn ún wò sí oṣù Ṣẹẹrẹ. Adédèjì wo ara rẹ̀ nínú dígí, ó tún wo lẹ́tà. Kò sí ohun tó tún wọ orí rẹ̀ mọ́ lẹ́yìn ìyẹn.

Ọjọ́ Ajé àkọ́kọ́ nínú oṣù Ọ̀wàrà, ó gun orí àpótí.

"Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ tí Ọlọ́run fi jíǹkí mi láti máa tọ́ sọ́nà! Mo ti dé Lọ́ńdọ̀nù, mo sì ti rí ohun tó ń dá orílẹ̀-èdè yìí dúró. Kì í ṣe ọ̀nà tí kò dára. Kì í ṣe iná tí kò dúró. Túwó ni! Túwó ni ọ̀tá! Ìrẹsì ni ọ̀tá! Iṣu, gàárì, búrẹ́dì, másà, kókó, ọmọ ìyá kan náà ni gbogbo wọn! Láti òní lọ, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jẹ oúnjẹ onísítáàṣì nínú ọgbà yìí, tàbí nílé rẹ̀, tàbí lójú àlá. Oúnjẹ ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ ti tó èèyàn tó ní làákàyè. Gbogbo ọjọ́ Ajé, kí àlùbọ́sà tó gun òṣùwọ̀n, èèyàn ni yóò kọ́kọ́ gùn ún. Ẹni tí kò bá fi kílò méjì rù lóṣù, kúérì!"

"Ranka ya daɗe!" ni Matthew wí.

Ìbíkúnlé nàwọ́. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, èmi ò ju kílò mọ́kànlélọ́gọ́ta lọ. Níbo ni kí n ti yọ méjì?"

"Ìbíkúnlé," ni Adédèjì wí, ẹni tí Ìbíkúnlé fi ọdún mẹ́jọ jù, tí kò sì fi "ẹ" kàn án rí, "ìwọ gan-an lo lè bàlú jẹ́. Kọ ohun tó o sọ yìí sílẹ̀, kó o sì ṣàlàyé rẹ̀." Kúérì kìíní nìyẹn.

Ìkejì ò pẹ́ tó fi dé. Lọ́jọ́ Ọjọ́rú, Matthew, tí wọ́n ti yàn láti máa ṣí abọ́ oúnjẹ àwọn èèyàn wò lẹ́nu géètì, bá másà méjì nínú àpò Ìbíkúnlé. Ó gbé wọn lọ sí ọ́fíìsì lórí àwo, ó fi aṣọ bò wọ́n bí ẹni gbé òkú ọmọ. Kò dá èyí tó jẹ nínú wọn lójú ọ̀nà padà.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ kan pé, ọ̀rọ̀ ń bẹ. Adédèjì tó wọn mọ́kàndínláàádọ́fà lọ́jọ́ àkọ́kọ́ gun òṣùwọ̀n, ó ka mẹ́rìnlélọ́gọ́rùn-ún. Kílò márùn-ún lọ́sẹ̀ kan! Ó gbé apá méjèèjì sókè. Ó béèrè ìwé àti gègé lójú ẹsẹ̀, ó ṣírò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án lọ́nà márùn-ún jẹ́ márùndínláàádọ́ta. Ó ní òun ò kúkú fẹ́ dẹ́rù ba ìyàwó òun, òun á dúró lórí márùndínláàádọ́rùn-ún. Ó tẹ wáyà sí Èkó lọ́sàn-án ọjọ́ náà pé ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Ọ̀pẹ, nígbà tí kámẹ́rà bá dé, Supirintẹ́ńdẹ́ǹtì Kánò á ti wọn kílò márùndínláàádọ́rùn-ún, àti pé kí wọ́n bá òun pa oṣù Ṣẹẹrẹ mọ́.

Ìyàwó Ìbíkúnlé, Rosaline, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí nílé, ẹ̀rín sì pa á débi pé ó dawọ́ ìfọṣọ dúró.

"Omi ni, Bàbá Wùnmí! Súgà kan wà tí ara máa ń kó pamọ́ sínú ẹ̀dọ̀ àti inú iṣan de ọjọ́ tí oúnjẹ bá pẹ́. Omi ló fi ń pa á mọ́. Téèyàn bá pa túwó àti ìrẹsì tì, ara á kọ́kọ́ ná súgà yẹn, omi tó wà pẹ̀lú rẹ̀ á sì bá ìtọ̀ jáde. Ọ̀gá yín rò pé òun ti rù. Ó kàn tọ̀ ni."

"Ṣé kì í ṣe òótọ́ rárá ni?"

"Òótọ́ wà níbẹ̀. Ẹni tó sanra, tó fi túwó sílẹ̀, tó ń jẹ ẹran, ẹyin àti ẹ̀fọ́ tó tó o, ara rẹ̀ á kọ́ bó ṣe ń fi ọ̀rá dáná, á sì máa jò díẹ̀díẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni mo wí o. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin, níbo lọ̀rá wà lára yín?"

Wùnmí, àbígbẹ̀yìn wọn, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tó gbọ́ Yorùbá yékéyéké ṣùgbọ́n tí Hausa kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀, ti abọ́ túwó síwájú bàbá rẹ̀. "Baba, ba za ka ci ba?" Ṣé kò ní jẹ ni. Ìbíkúnlé wo túwó, ó wo ojú ọmọ, ó rántí pánù Ọ̀tàn. Ó ti abọ́ náà padà. Inú bí Rosaline.

Ọ̀sẹ̀ kejì, Adédèjì fi kílò kan rù. Ọ̀sẹ̀ kẹta, ìdajì kílò. Ọ̀sẹ̀ kẹrin, òṣùwọ̀n kò kúrò lójú kan. Ẹni tó bá ní ọpọlọ á dúpẹ́, kílò mẹ́fà ó lé kì í ṣe ohun àbùkù. Ṣé ọpọlọ la wá ń bá sọ̀rọ̀ ni? Ẹnu la ń bá sọ̀rọ̀. Ó tún gé oúnjẹ kù. Ó di ẹyin kan láàárọ̀, tòmátì méjì lálẹ́. Ọyẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí fẹ́, ọkùnrin tó máa ń làágùn nígbà òtútù wá ń wọ kóòtù lé kóòtù, ó fi ìbọ̀wọ́ onírun sọ́wọ́ láàárín ọ̀sán. Ó ń sùn lórí tábìlì. Ẹnu rẹ̀ ń rùn bí ọsàn tó ti kẹ̀, Matthew ní òórùn ọgbọ́n ni.

Ìyà tó jẹ àwọn alágbàrù kò ṣeé fẹnu sọ. Àwọn tó ń gbé àpò àlùbọ́sà láti àárọ̀ dalẹ́, ẹyin kan! Mẹ́ta nínú wọn dákú lọ́sẹ̀ kan, Adédèjì sì ní sítáàṣì tó ń jáde lára wọn ló mú wọn dákú. Ìbíkúnlé fúnra rẹ̀ ti di méjìdínlọ́gọ́ta. Tó bá dìde lójijì, ojú rẹ̀ á ṣú.

"Ẹ fún mi lọ́wọ́ yín," ni Rosaline wí lọ́jọ́ kan. "Ó tutù bí ọwọ́ ọ̀pọ̀lọ́. Ọyẹ́ kọ́. Ara kì í ṣe òmùgọ̀, Bàbá Wùnmí. Tí igi ìdáná bá dínkù nílé, ṣebí èèyàn á dín iná kù ni? Ara tí ẹ ń febi pa ti dín iná rẹ̀ kù kí ohun tó kù má baà tán. Ìdí nìyẹn tí òtútù fi ń mú yín, tí ẹ fi ń rìn bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́. Ìdí náà nìyẹn tí ọ̀gá yín kò fi rù bó ṣe rù lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹ jẹun!"

"Tí mo bá jẹun, màá sanra. Tí mo bá sanra, kúérì kẹta."

"Ẹ máa gbàgbé pánù yẹn fún mi jàre!" ni Rosaline wí, omijé sì bọ́ lójú rẹ̀. "Ta ló fẹ́ gbé abẹ́ pánù, òkú?"

Ọ̀sẹ̀ karùn-ún ni kànga gbẹ. Adédèjì gun òṣùwọ̀n níwájú gbogbo ayé, òṣùwọ̀n sì fi ìdajì kílò lé e. Ó fi kún un o! Adédèjì wo òṣùwọ̀n láti òkè délẹ̀ bí ẹni tó ń wo ọmọ tó bú bàbá rẹ̀. Ó ní kí wọ́n gbé gègé òun wá. Mo gbọ́ pé ìwé náà ṣì wà lọ́wọ́ ẹnì kan ní Sabon Gari títí dòní, ohun tó sì wà nínú rẹ̀ nìyí: "Sí Òṣùwọ̀n Ẹnu Ọ̀nà. A ti ṣàkíyèsí pé láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni o ti kọ̀ láti bá ètò ilé-iṣẹ́ yìí rìn, àti pé lónìí o ṣe àfojúdi sí ọ̀gá rẹ ní gbangba. Ṣàlàyé, láàárín wákàtí mẹ́rìnlélógún, ìdí tí a kò fi ní fìyà jẹ ọ́." Matthew fi gúlúù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara òṣùwọ̀n. Ìbíkúnlé ni wọ́n ní kó bá òṣùwọ̀n fọwọ́ sí i pé ó ti gbà á.

Ẹ̀yin èèyàn mi, òṣùwọ̀n kò fèsì.

"Ó ti lo wákàtí mẹ́rìnlélógún," ni Adédèjì wí lọ́jọ́ kejì, tó ń wo aago.

"Ó rí yín fín, sà," ni Matthew dáhùn. "Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀tì idẹ kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ níbẹ̀. Èèyàn lè fi ìyẹn kọ́ ọ lẹ́kọ̀ọ́."

Adédèjì yíjú sí Ìbíkúnlé. "Yí i."

Ìbíkúnlé gbé ọwọ́ kúrò lára òṣùwọ̀n. "Mi ò lè fọwọ́ kàn án, sà. Nọ́ọ̀tì yẹn ló ń mú kí òṣùwọ̀n sọ òótọ́. Ẹ bá mi rò ó wò, ẹ jọ̀ọ́."

"Kúérì méjì ló wà nínú fáìlì rẹ, Ìbíkúnlé. Ìkẹta wà nínú gègé yìí."

"Mo mọ̀, sà. Mi ò lè yí i."

Bóyá Adédèjì ì bá kọ ọ́ níbẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n Matthew ti bẹ̀rẹ̀, ó sì ti yí nọ́ọ̀tì. Adédèjì gun òṣùwọ̀n. Kílò mẹ́rin ti fò lọ! Adédèjì rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ mẹ́wàá, ó sì gbàgbé Ìbíkúnlé pátápátá.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì, Ìbíkúnlé gbé irin rẹ̀ lé òṣùwọ̀n gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Irin àádọ́ta ka mẹ́rìndínláàádọ́ta. Ó mú bírò, ó sì dúró. Tó bá kọ òótọ́, tí ọ̀gá bá kà á, pánù ti lọ. Tó bá kọ àádọ́ta, orúkọ Ìbíkúnlé ni yóò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ irọ́ náà, kò sì tíì purọ́ sínú ìwé yẹn rí. Ó kọ ọ́ bó ṣe rí i: "Irin 50. Òṣùwọ̀n ka 46."

Lọ́jọ́ Ẹtì, ó gbé ìwé lọ sí ọ́fíìsì. "Sà, ẹ dákun, ẹ kọ́kọ́ kà á kí ẹ tó fọwọ́ sí i."

Adédèjì gbójú sókè bí ẹni tí wọ́n ní kó wá gbálẹ̀. "Ṣé èmi ni kí n máa ka ìwé akọ̀wé? Kí làwọn akọ̀wé wá wà fún?" Ó fi tàdáwà aláwọ̀ ewé fọwọ́ sí i, ó fa ìrù orúkọ rẹ̀ láti etí ìwé dé etí ìwé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ló fi ṣe bẹ́ẹ̀, Ìbíkúnlé kò sì yé bẹ̀ ẹ́ pé kó kà á.

Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni Matthew ń fi kílò mẹ́rin kún ìwà rere òṣùwọ̀n. Irin di méjìlélógójì, ó di méjìdínlógójì, ó wá di mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Lọ́jọ́ Ajé, gbogbo ilé-iṣẹ́ ń rù wìtìwìtì. Ìbíkúnlé wọn kílò méjìlélógójì, Adédèjì sì ní kí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un, àpẹẹrẹ òṣìṣẹ́ rere ni. Bàbá tó ń ṣọ́ géètì, tó ti gbó, ni òṣùwọ̀n kà ní ọgbọ̀n. Ẹlòmíì ì bá ti lọ gbẹ́ sàréè dè é. Adédèjì ní ògo ilé-iṣẹ́ ni bàbá náà.

Ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n tó ń ṣàánú èèyàn kò lè ṣàìṣàánú ẹrù. Ẹni tó kọ́kọ́ fura ni Ṣàràfá, oníṣòwò àlùbọ́sà, ọmọ Ìwó tí wọ́n bí sí Kánò. Ó gbé agbọ̀n kékeré kan lé e, òṣùwọ̀n ò mira. Ó ka òfo. Agbọ̀n tó wọn kílò mẹ́rìndínlógún nílé! Ṣàràfá yọjú wo ìsàlẹ̀ òṣùwọ̀n, ó wo ojú Ìbíkúnlé.

"Alàgbà, àlùbọ́sà mi ò wọn nǹkan kan?"

"Bí òṣùwọ̀n ṣe wí nìyẹn."

"Wallahi! Ẹ wá ní kí n sanwó kí ni?"

Ó padà lọ, ó tú gbogbo àpò rẹ̀ sínú agbọ̀n kéékèèké. Kó tó di ọjọ́ kẹta, gbogbo oníṣòwò Kánò ti gbọ́ pé ilé-iṣẹ́ kan wà tí àlùbọ́sà kì í wọn nǹkan kan níbẹ̀. Wọ́n tò dé ojú títì. Lọ́rì tó yẹ kó kó tọ́ọ̀nù mẹ́wàá ń kó mẹ́rìndínlógún, ìwé sì ń sọ pé òfìfo ni. Ásù, irin tó so táyà lọ́rì pọ̀, ṣẹ́ lábẹ́ ọ̀kan kó tó kúrò ní Kánò. Èkejì dojú dé lọ́nà Zaria, àlùbọ́sà sì kún ojú ọ̀nà bí ẹni da yanrìn. Nígbà tí wọ́n sọ ọ́ fún Adédèjì, ó ní àwọn lọ́rì náà nílò kí wọ́n dín epo wọn kù.

Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Ọ̀pẹ, Ọ̀gbẹ́ni Olújìmí dé láti Èkó pẹ̀lú ayàwòrán. Ọ̀dọ́mọkùnrin tútù ni, kì í gbóhùn sókè. Iṣẹ́ méjì ni wọ́n rán an: kó ya àwòrán, kó sì wádìí ohun tó ń ṣẹ́ ásù lọ́rì. Iṣẹ́ kìíní nìkan ni etí Adédèjì gbà. Ó ti rán kóòtù tuntun lọ́dọ̀ télọ̀ kan ní Ibo Road. Nígbà tí télọ̀ fẹ́ fi téèpù wọ̀n ọ́n, ó gba téèpù náà sọnù, ó ní, "Rán ti ẹni tó wọn kílò márùndínláàádọ́rùn-ún. Òṣùwọ̀n ìjọba ni mo fi sọ ọ́." Èèyàn mẹ́ta ló bá a wọ kóòtù ọ̀hún láàárọ̀ ọjọ́ náà, bọ́tìnì rẹ̀ kò sì rí ara wọn sójú.

"Ẹ̀yin àlejò láti Èkó!" ni Adédèjì ké lórí àpótí. "Lónìí, ẹ fojú rí ohun tí ìtàn á máa sọ! Ẹ wo ara yìí! Mo pàṣẹ fún ọ̀rá, ọ̀rá gbọ́! Mo pàṣẹ fún ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ gbọ́! Òṣùwọ̀n yìí kò purọ́ rí. Tó bá purọ́, kí wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi!"

"Ranka ya daɗe!"

Ó gùn ún. Márùndínláàádọ́rùn-ún géérégé. Kámẹ́rà tàn, wọ́n pàtẹ́wọ́. Olújìmí náà pàtẹ́wọ́, ó wá ní kí wọ́n jẹ́ kóun náà gùn ún. Ó gùn ún, òṣùwọ̀n ka mẹ́rìndínlọ́gọ́ta.

"Áà!" ni Olújìmí wí. "Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni dókítà wọ̀n mí l'Ékòó, mo jẹ́ méjìléláàádọ́rin. Ọ̀nà Kánò yìí mà jìn o. Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi mú ìwé òṣùwọ̀n wá."

Ojú Adédèjì yí padà. Ó fò sílẹ̀, ó nàka sí Ìbíkúnlé. "Òun ni! Akọ̀wé òṣùwọ̀n ni! Òun ló bà á jẹ́! Ẹ wo fáìlì rẹ̀, kúérì méjì ló wà níbẹ̀, ọ̀tá ilé-iṣẹ́ yìí ni!"

Gbogbo ojú yí sí Ìbíkúnlé. Ọgbọ̀n ọdún ó dín díẹ̀, ó sì wá di wákàtí kan. Ó lọ gbé ìwé òṣùwọ̀n wá. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e lé Olújìmí lọ́wọ́. Olújìmí ṣí i, ó sì ń kà á sókè.

"Irin àádọ́ta, òṣùwọ̀n ka mẹ́rìndínláàádọ́ta. Irin àádọ́ta, òṣùwọ̀n ka méjìlélógójì. Irin àádọ́ta, méjìdínlógójì. Irin àádọ́ta, mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n." Ó gbójú sókè. "Láràárọ̀ ni bàbá yìí ń kọ ọ́ pé òṣùwọ̀n ń purọ́. Ta ló fi tàdáwà aláwọ̀ ewé fọwọ́ sí i?"

Gbogbo ojú yí sí Adédèjì. Ẹnì kan ṣoṣo ló ní tàdáwà aláwọ̀ ewé ní gbogbo ọgbà náà.

"Mo fọwọ́ sí i," ni Adédèjì wí nígbẹ̀yìn, ohùn rẹ̀ sì ti kéré, "ṣùgbọ́n mi ò kà á."

"Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n kà á, sà," ni Ìbíkúnlé wí. "Ẹ̀ẹ̀mẹrin."

Matthew ti wà lórí ìkúnlẹ̀, ṣùgbọ́n Olújìmí ló kúnlẹ̀ sí báyìí. "Mo sọ fún wọn pé kò dáa, sà! Ẹ bi Ọlọ́run!"

Olújìmí ní kí Ìbíkúnlé dá nọ́ọ̀tì padà sí ipò rẹ̀. Wọ́n gbé irin lé e, ó ka àádọ́ta. Ó wá ní kí Adédèjì tún gùn ún. Ó gùn ún, kóòtù ń dún lẹ́yìn rẹ̀. Ó ka mọ́kànlélọ́gọ́rùn-ún.

"Kí lẹ wọn nígbà tẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀?" ni Olújìmí béèrè.

"Mọ́kàndínláàádọ́fà," ni Ìbíkúnlé bá a dáhùn.

"Kílò mẹ́jọ lọ́sẹ̀ mẹ́sàn-án?" Ìyanu wà nínú ohùn Olújìmí lóòótọ́. "Ó mà dáa o! Ẹ̀gbọ́n mi ti ń wá ọ̀nà àtifi márùn-ún rù látọdún tó kọjá. Kí lẹ wá ń fi irọ́ bo ìyẹn mọ́lẹ̀ sí?"

Adédèjì la ẹnu. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí Kánò ti mọ̀ ọ́n, kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀.

Wọ́n já a wálẹ̀ sí ipò akọ̀wé, wọ́n sì gbé e lọ sí Gáṣúà, níbi tí yanrìn ti ń bá èèyàn jẹun. Matthew bá a lọ, láti máa bá wọn ti lọ́rì. Wọ́n ya kúérì méjèèjì Ìbíkúnlé níṣojú rẹ̀. Àwòrán lọ́rì kan tí kò ṣẹ́ ásù ni wọ́n fi sí oṣù Ṣẹẹrẹ. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, Ìbíkúnlé jẹ túwó abọ́ méjì, ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ó ti padà sí ọgọ́ta, Wùnmí sì ń ka òkèlè rẹ̀ ní Hausa títí Rosaline fi ní kó jẹ́ kí bàbá rẹ̀ simi.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí Adédèjì ń lọ, òun àti àpótí rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà. Ẹrù òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ gun òṣùwọ̀n kó tó wọ lọ́rì, òun fúnra rẹ̀ ló ṣe òfin náà. Kóòtù kan péré ló wọ̀, ó ti gbàgbé ìbọ̀wọ́. Ìbíkúnlé gbé irin lé e, ó kọ ọ́, ó wọn àpótí náà, ó sì kọ ìyẹn. Adédèjì dúró, ó ń wo òṣùwọ̀n.

"Ẹ bá mi wọn èmi náà, Bàbá Wùnmí," ni ó wí. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó fi "ẹ" kàn án.

Ó gùn ún. "Mẹ́tàlélọ́gọ́rùn-ún," ni Ìbíkúnlé wí, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ó yí ìwé náà sí i pé kó fọwọ́ sí ti ẹrù rẹ̀. Adédèjì fọwọ́ tọ àpò àyà rẹ̀, kò sí gègé níbẹ̀, Ìbíkúnlé sì fún un ní bírò dúdú tirẹ̀. Dírẹ́bà lọ́rì ń fọn fèrè, ó ní ọ̀nà jìn. Adédèjì ò gbọ́. Ó ti dojú kọ ìwé náà, ó fi ìka sábẹ́ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, ó ń ka ohun tí akọ̀wé kọ láti òkè dé ìsàlẹ̀ kó tó fọwọ́ sí i.